Ipò ‘Àṣé’ Nínú Àròkọ Ìrírí Ara-Ẹni: Àyẹ̀wò Láti Oǹdó àti Àkúrẹ́

Ìfáàrà

Nínú gbogbo orí-ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ Yorùbá máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ àròkọ lé lórí, agbára káká ni a ó fi rí èyí tí ó wọ́pọ̀ tó “Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi”. Ó wà nínú ìwé àmúkẹ́kọ̀ọ́, ó ń yọjú nínú ìdánwò, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Síbẹ̀, nígbà tí àwa lámèyítọ́ bá ń ka ẹ̀yà lítíréṣọ̀ Yorùbá, ewì, eré-onítàn àti ìtàn àròsọ ni a máa ń kà. Àròkọ tí ènìyàn fi sọ ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ rí kì í sábà rí àyè jókòó láàrin wọn. A ti fi í sílẹ̀ fún kíláàsì, bí ẹni pé eré ọmọdé ni.

Ohun tí a fẹ́ jiyàn lé lórí nínú iṣẹ́ yìí ni pé àròkọ bẹ́ẹ̀ ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, òṣùwọ̀n náà sì wà nínú èdè Yorùbá tẹ́lẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ó dì í mú: àṣé. Ibi tí asọ̀tàn bá ti lè sọ pé “àṣé” ni ìrírí rẹ̀ ti di àròkọ. Ibi tí ó bá ti sáré sọ pé “ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé” ni ó ti sábà máa ń di ìwàásù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gbólóhùn méjèèjì yìí ni a ó tú palẹ̀.

A yan Oǹdó àti Àkúrẹ́ nítorí ìdí mẹ́ta. Èkíní ni pé Oǹdó ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ni tí a fi orúkọ Adéyẹmí pè wà, èyí tí ó ti di yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ olùkọ́ni báyìí. Ohun tí a bá kọ́ olùkọ́ níbẹ̀ nípa àròkọ yóò dé ọ̀pọ̀ kíláàsì. Èkejì ni pé Òkè-Igbó, ìlú D. O. Fágúnwà, kò jìnnà sí Oǹdó, a kò sì lè sọ̀rọ̀ nípa “èmi” nínú ìwé Yorùbá kí a fo Fágúnwà. Ẹ̀kẹta ni pé Àkúrẹ́ ni ìlú tí ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìrántí ìgbà èwe tí ayé mọ̀ jù lọ láti ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún yìí dá lé lórí, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Ibi tí ìdí kẹta yìí gbé ń dun ni yóò hàn níwájú.

Àsìkò nínú gírámà, àsìkò nínú ìrántí

Ẹni tí ó bá ń sọ ìrírí rẹ̀ àtijọ́ jẹ́ ènìyàn méjì. Ẹnì kan wà tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Ẹnì kan wà tí ó ń sọ ọ́. Ẹni àkọ́kọ́ kéré, kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ẹnì kejì ti dàgbà, ó ti mọ òpin. Bí a kò bá rí ènìyàn méjèèjì lójú ìwé, a kò tíì rí àròkọ. Bí èmi ìgbà náà nìkan ni ó wà níbẹ̀, ìròyìn lásán ni a kà. Bí ó bá sì jẹ́ pé èmi ìsinsìnyí nìkan ni, ìmọ̀ràn lásán ni.

Báwo ni Yorùbá ṣe ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀? Àwọn èdè kan máa ń yí ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe padà láti fi àsìkò hàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti jiyàn gan-an lórí bóyá Yorùbá ní àsìkò gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rí gírámà tàbí ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan ni ó ní. A kò ní dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá ni ohun tí ẹnikẹ́ni lè dán wò. “Mo jókòó”, “mo ra iṣu”, “mo lọ sí oko”: òǹkàwé yóò gbà pé ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n “mo bẹ̀rù bàbá mi” ńkọ́? “Mo fẹ́ràn ilé náà”? “N kò mọ ìdí rẹ̀”? Ṣé ìgbà náà ni, àbí títí di òní? Gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ kò sọ. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń tọ́ka sí ìṣe ń gba àsìkò láti inú ìtumọ̀ wọn; àwọn tí ó ń tọ́ka sí ipò ọkàn, bíi mọ̀, fẹ́, bẹ̀rù, gbàgbọ́ àti kórìíra, máa ń fi ilẹ̀kùn àsìkò sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí àròkọ ìrírí kò lè ṣe kí ó má lò ni èdè wa fi sílẹ̀ láìsàmì sí. Òǹkọ̀wé tí kò bá wá nǹkan ṣe sí i yóò da ọmọ ọdún mẹ́jọ àti àgbàlagbà ẹni ogójì ọdún pọ̀ sínú “mo” kan ṣoṣo. Ó lè fi “nígbà náà” kún un, tàbí “títí di òní olónìí”. Èyí ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń wúwo bí a bá ń tún un sọ ní gbogbo ìlà. Ọ̀nà tí èdè fúnra rẹ̀ ti là sílẹ̀ ni àṣé.

Nígbà tí a bá sọ pé “Àṣé ìwọ ni!”, a ti fi ẹnu kan sọ ohun méjì: pé òun ni, àti pé a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ni. Ìmọ̀ àti àìmọ̀ pàdé nínú ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà, àṣé kì í gba gbólóhùn àṣẹ. A lè sọ pé “Àṣé ó ti lọ”, a kò lè sọ pé “Àṣé máa lọ!” kí ó dún létí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn rẹ̀ pẹ̀lú àṣé ti sọ àǹfààní àtipàṣẹ fún òǹkàwé nù nínú gbólóhùn náà. Ó di dandan kí ó sọ ohun tí òun rí.

A mọ̀ pé àṣé wà nínú àlọ́ pẹ̀lú. Apàlọ́ a máa sọ pé àṣé Ìjàpá ti gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìn ilé. Ṣùgbọ́n apàlọ́ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn agbálọ̀ọ́ ni ó ń ṣí ojú wọn. Nínú àròkọ ìrírí, asọ̀tàn fúnra rẹ̀ ni ojú rẹ̀ là. Àlọ́ fi àṣé ya olùgbọ́ lẹ́nu. Àròkọ ìrírí fi í jẹ́wọ́ pé asọ̀tàn ti wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì là kalẹ̀, kò rí i.

Bàtà àti kẹ̀kẹ́: àpẹẹrẹ kan

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí òwe tí kò ní ìtumọ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kalẹ̀. Àwa ni a ṣẹ̀dá rẹ̀ fún àlàyé yìí. Ìlú tí wọ́n ti ń gbin kòkó, irú Oǹdó àti àwọn abúlé tí ó yí i ká, ni a fi ṣe ibùdó ìtàn rẹ̀. Ìrísí àkọ́kọ́ tẹ̀lé ọ̀nà tí kíláàsì mọ̀:

“Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi ni ọjọ́ tí bàbá mi ra bàtà fún mi. Inú mi dùn púpọ̀púpọ̀. Bàbá mi ti ta kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ kí ó lè ra bàtà náà nítorí pé kòkó kò lówó lórí ní ọdún náà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ó yẹ kí ọmọ máa bọ̀wọ̀ fún òbí rẹ̀, nítorí pé òbí ń jìyà púpọ̀ lórí ọmọ.”

Kò sí àṣìṣe àkọtọ́ níbẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ wà, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin wà, ẹ̀kọ́ sì wà. Olùkọ́ tí ó bá fún un ní máàkì tí ó jọjú kò ṣẹ̀. Ẹ wo ìrísí kejì:

“Bàtà dúdú ni, ó ń dán. Mo wọ̀ ọ́ sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko. Ó ní ìrìn máa ń na iṣan ẹsẹ̀ òun. Mo gbà á gbọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń bá a rìn dé ẹ̀bá títì, mo ń gbẹ́sẹ̀ gíga kí eruku má baà ba bàtà mi jẹ́. Àṣé kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni mo wọ̀ sẹ́sẹ̀.”

Òtítọ́ kan náà ni ìrísí méjèèjì sọ: kòkó kò lówó lórí, baba ta kẹ̀kẹ́, ọmọ rí bàtà. Ìyàtọ̀ wà nínú ètò ìmọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, èmi ìsinsìnyí ti sọ títà kẹ̀kẹ́ náà kí ọmọ tó wọ bàtà, nítorí náà ọmọ kò ní ìgbà kankan tí ó fi jẹ́ aláìmọ̀. Nínú ti kejì, a bá ọmọ rìn nínú àìmọ̀ rẹ̀. “Mo gbà á gbọ́” ni òpómúléró àyọkà náà, ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò fi àsìkò hàn sì ni. Àṣé tí ó dé lẹ́yìn ni ó padà wá sọ fún wa pé ìgbà náà ni ó gbà á gbọ́, pé kò gbà á gbọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ṣe iṣẹ́ tí àsìkò gírámà kì bá ṣe.

Ohun mìíràn tún wà. Ìrísí kejì kò sọ ìgbà tí ọmọ náà mọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì. Ó lè jẹ́ ọjọ́ ìsìnkú baba. Àṣé kò béèrè déètì. Ó fi àyè sílẹ̀ fún òǹkàwé láti ṣírò iye ọdún tí ó wà láàrin bàtà àti gbólóhùn náà, ìṣirò yẹn sì ni ó ń ka òǹkàwé láyà. Ní ti ọ̀wọ̀ fún òbí, kò sí òǹkàwé Yorùbá tí kò ní rí i, bí a kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Fágúnwà àti ẹ̀kọ́ tí a fi ẹsẹ̀ rìn dé ìdí rẹ̀

Níbo ni ìparí oníwàásù ti wọ inú àròkọ wa? Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà kan ni ó gbà wọlé. Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá, tí I. B. Thomas ń tẹ̀ jáde bí lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929, gbé “èmi” kan kalẹ̀ tí ó ń ròyìn ayé rẹ̀ kí ó lè jẹ́ àríkọ́gbọ́n fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Ilé ìjọsìn, níbi tí a ti ń jẹ́rìí fún ìjọ, kó ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ bá fẹ́ fi ìwé gbe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé ìtàn Yorùbá gbọ́dọ̀ ní ẹ̀kọ́, Fágúnwà ni ó sábà máa ń pè.

A gbà pé Fágúnwà fẹ́ràn ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ni, fún àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ni a kọ́kọ́ ka àwọn ìwé rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀kọ́ ṣe dé inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938). Ẹni tí ó ń kọ̀wé náà kọ́ ni ó ni ìrírí. Baba àgbàlagbà kan ni ó tọ̀ ọ́ wá, tí ó ní kí ó mú gègé àti ìwé, kí ó kọ ohun tí òun bá sọ. Láti ibẹ̀ lọ, “èmi” di ti Àkàrà-ògùn, òǹkọ̀wé sì di etí àti ọwọ́. Èmi ìgbà náà, ìyẹn ọdẹ tí ó wọ igbó, àti èmi ìsinsìnyí, ìyẹn arúgbó tí ó ń pìtàn, ti pín sí méjì; ẹni kẹta tún wà láàrin wọn àti àwa. Fágúnwà kò fi ìpínyà àsìkò sílẹ̀ fún gírámà nìkan. Ó fi ènìyàn pín in.

Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni ibi tí ẹ̀kọ́ tí ó gùn jù nínú ìwé náà ti wá. Kì í ṣe Àkàrà-ògùn ni ó dìde láti fi ìrírí ara rẹ̀ wàásù fún wa. Àwọn ọdẹ rìn, wọ́n jà, àwọn kan kú, kí àwọn tí ó kù tó dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ní Òkè Láńgbòdó, kí ó tó jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ méje. Orí òkè ni ẹ̀kọ́ wà; ẹsẹ̀ ni a fi rìn dé ibẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé tí a ní kí ó kọ ojú ìwé méjì, kí ó fi ìpínrọ̀ tí ó kẹ́yìn wàásù, ti jogún ọ̀rọ̀ Ìrágbèje láìrin ìrìn àjò àwọn ọdẹ. Apá kan nínú ogún Fágúnwà ni a gbé fún un, apá tí ó rọrùn jù láti ṣe àfarawé rẹ̀.

Fágúnwà pàápàá ti fi hàn pé ìrírí ara òun tó ohun tí a lè fi Yorùbá kọ láìlo iwin àti ebọra. Ìrìnàjò, ìwé alápá méjì tí ó kọ nípa ìrìn àjò rẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde láàrin 1949 sí 1951. Ní 2013, nígbà tí ó pé àádọ́ta ọdún tí ó kú, àwọn onímọ̀ péjọ sí Àkúrẹ́ láti bọlá fún iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ohun tí àwọn lámèyítọ́ ti kọ nípa rẹ̀ lápapọ̀, igbó àti irúnmalẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ jù. Arìnrìn-àjò tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ohun tí ó rí kò tíì rí ìdá mẹ́wàá àfiyèsí bẹ́ẹ̀. Àìbìkítà wa fún Ìrìnàjò àti àìbìkítà wa fún àròkọ ìrírí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Àkúrẹ́ nínú èdè mìíràn

Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi gbogbo ni wọ́n ti ń tẹ̀dó síbẹ̀. Chigozie Obioma, ọmọ Igbo, ni a bí sí ìlú náà ní 1986. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, The Fishermen (2015), wà lára àwọn tí a tò sí ìpele àṣekágbá fún ẹ̀bùn Booker ní ọdún náà. Ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n àwọ̀ ìrántí ìgbà èwe ni a gbé bọ̀ ọ́: Benjamin, tí ó ti dàgbà, ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta ní Àkúrẹ́ ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí a gbé bàbá wọn lọ ṣiṣẹ́ ní Yola, tí wọ́n sì ń yọ́ lọ pẹja nínú odò Àlà.

Ohun tí Obioma ṣe sí àìmọ̀ ni ó kàn wá. Nígbà tí wèrè tí ń jẹ́ Abulu ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ikú fún Ikenna tí ó jẹ́ àkọ́bí, ariwo ọkọ̀ òfurufú bo ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Obembe ni ó gbọ́ ọ. Ìgbà tí ó padà wá sọ ọ́ ni ìdílé náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Gbogbo ìwé náà rọ̀ mọ́ ìmọ̀ tí ó pẹ́ dé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣe déédéé àṣé, nítorí náà òǹkọ̀wé náà wá ọgbọ́n mìíràn: ọ̀pọ̀ orí ìwé rẹ̀ ni ó fi àfiwé bẹ̀rẹ̀, tí ó sọ ẹnì kan di ẹranko tàbí ẹyẹ, lẹ́yìn náà ni a ó wá rí ìdí rẹ̀. Benjamin àgbà ni ó ń ṣe àfiwé. Benjamin kékeré ni ó ń gbé inú ìtàn. A rí àwọn méjèèjì kedere.

Obioma ti kọ àròkọ ìrírí ara-ẹni ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, nípa ìgbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní apá àríwá erékùṣù Kípírù àti nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó kú níbẹ̀. A kò sọ èyí láti dá a lẹ́bi pé ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé. Olúkúlùkù ni ó ni ìrántí rẹ̀, òun ni yóò sì yan èdè tí yóò gbé e. Àwa ni ìbéèrè náà wà fún. Nínú The Fishermen, Yorùbá ni èdè ìgboro Àkúrẹ́, èdè tí àwọn ọmọ náà ń gbọ́ tí wọ́n sì ń sọ níta. Bí ìrántí ìlú náà bá ń dé etí ayé nínú èdè tí ó ní láti wá ẹ̀rọ ìsọ̀tàn ńlá kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ àṣé, kí ni àwa tí a ní àṣé lẹ́nu ń fi í ṣe? Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti fi Ogún Ọmọdé (1990) fi ọ̀nà hàn wá. Àkọlé náà jẹ́ ààbọ̀ òwe. Òǹkàwé ni yóò parí rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Kí a tó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, a ti mọ ohun tí àwọn ọmọ inú ìtàn kò tíì mọ̀, pé ìpínyà ń bọ̀.

Ẹ̀ka-èdè gẹ́gẹ́ bí àmì àsìkò

Ìṣòro kan wà tí ó kan Oǹdó àti Àkúrẹ́ ní pàtàkì. Ọmọ Àkúrẹ́ tí ó pe ilé ní ulé ní kékeré, ní ẹ̀ka-èdè tí fáwẹ̀lì u ti lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, yóò fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọ ìrántí rẹ̀, níbi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ti sí. Ọmọ Oǹdó tí ó gbọ́ ìró gh lẹ́nu ìyá-ìyá rẹ̀ kò ní lẹ́tà fún un nínú ábídí tí a fi kọ́ ọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ṣẹlẹ̀ nínú èdè kan. Èdè mìíràn ni ó fi ń sọ ọ́. Kíláàsì ka èyí sí ewu, ó sì ń fi báírò pupa fa igi sí i.

A dá a lábàá pé àǹfààní ni. Bí Yorùbá bá ń wá àmì tí yóò fi ya èmi ìgbà náà sọ́tọ̀ kúrò lára èmi ìsinsìnyí, òun nìyí lọ́fẹ̀ẹ́. Kí asọ̀tàn fi Yorùbá àjùmọ̀lò ròyìn, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ọjọ́ náà jáde nínú ẹ̀ka-èdè tí a fi sọ ọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí baba bá fi èdè Oǹdó sọ pé ìrìn ń na iṣan ẹsẹ̀ òun, ohùn rẹ̀ yóò ya kúrò lára ohùn ọmọ tí ó ti dàgbà, tí ó ti kàwé. Òǹkàwé yóò gbọ́ ọdún tí ó wà láàrin wọn. Olùkọ́ tí ó bá yí gbólóhùn náà sí Yorùbá àjùmọ̀lò ti tún àkọtọ́ ṣe, ṣùgbọ́n ó ti pa àsìkò rẹ́.

Àwọn àtakò

Ẹnì kan lè sọ pé bí a bá yọ ẹ̀kọ́ kúrò a ti yọ àṣà Yorùbá kúrò, nítorí àwọn àgbà ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. A gba òwe náà tọwọ́ tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí ó jìn sí kòtò ṣe kọ́ àwọn yòókù? Òwe kò sọ pé ó wàásù láti inú kòtò. Wọ́n rí i níbi tí ó ń lọ, wọ́n rí i tí ilẹ̀ yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì mọ ibi tí kòtò wà. Àròkọ tí ó bá fi ìrìn, ìyẹ̀gẹ̀rẹ̀ àti kòtò hàn wá ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Èyí tí ó bá fi ìkìlọ̀ nìkan hàn wá kò jẹ́ kí a mọ ibi tí a ó ti yà.

Àtakò kejì lágbára jù ú lọ: àṣé náà lè di àgbékalẹ̀ kan lásán, tí ọmọ yóò máa lẹ̀ mọ́ ìpínrọ̀ ìkẹyìn bí ó ti ń lẹ ẹ̀kọ́ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Òtítọ́ ni. Ìyàtọ̀ wà láàrin àìmọ̀ àti ìfipamọ́. Bí òǹkọ̀wé bá fi ohun kan pamọ́ fún wa kí ó lè dẹ́rù bà wá ní ìparí, nígbà tí ọmọ inú ìtàn ti mọ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti ya àṣé àwọn apàlọ́ lò níbi tí kò yẹ. Ọ̀nà tí a ó fi dán an wò kò le: kí a padà ka àròkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a wò ó bóyá ohun tí ọmọ náà ṣe bá ohun tí ó mọ̀ mu. Ọmọ tí ó ń gbẹ́sẹ̀ gíga nítorí eruku kò mọ̀ lóòótọ́.

Àtakò kẹta kan àṣírí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ, baba tí ó ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti fi irọ́ ọlọ́lá bo ọ̀ràn náà. Ẹ̀tọ́ wo ni ọmọ ní láti tú u? A kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa ìbéèrè yìí. Olúkúlùkù òǹkọ̀wé ni yóò bá a jìjàkadì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìrísí méjèèjì wéra lẹ́ẹ̀kan sí i. Ti àkọ́kọ́ gbé òṣì baba síta kí ó lè fi í ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo ọmọ. Ti kejì kọ́kọ́ gbé àìmọ̀ ọmọ síta. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ni ìtìjú kọ́kọ́ bá. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a kì í fi ti ẹrú jẹ́ ẹ, ti ọmọ ni a fi ń jẹ́ ẹ. Àṣé jẹ́ ọ̀nà kan tí a lè gbà fi ti ọmọ jẹ́ irú iṣẹ́ yìí.

Ìkádìí

Ohun tí èyí béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò tóbi. Kí olùkọ́ tí ó ń gba ẹ̀kọ́ ní Oǹdó, kí ó tó lọ kọ́ ọmọ ní Àkúrẹ́ tàbí ibòmíràn, máa fi ìbéèrè kan rọ́pò òmíràn. A ti ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé, “Kí ni o rí kọ́?” Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú ìwé kí ọmọ tó jí ní ọjọ́ náà. Kí a máa béèrè pé, “Kí ni o kò mọ̀ ní ọjọ́ náà?” Kò sí ìwé tí ó ní ìdáhùn sí èyí, ọmọ náà nìkan ni ó ni ín. Kí àwa lámèyítọ́ náà sì gbé Ìrìnàjò àti àwọn ìwé bíi tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, kí a kà wọ́n bí a ṣe ń ka ìtàn àròsọ.

Ó ku ohun kan. Kì í ṣe gbogbo ìrírí ni àṣé rẹ̀ máa ń dé. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ti di àgbà láìmọ ìdí tí baba fi ń rìn lọ sí oko, tí ẹni tí ì bá sọ fún wọn sì ti lọ. Àgbékalẹ̀ ilé-ìwé fi ipá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti hùmọ̀ ẹ̀kọ́ kan, kí máàkì ìparí má baà sọnù. Ó yẹ kí ó lè kọ gbogbo ohun tí ó rí sílẹ̀, kí ó dé òpin rẹ̀, kí ó kọ ọ́ pé “n kò tíì mọ̀”, kí ó sì gbé gègé rẹ̀ lélẹ̀. Àròkọ gidi ni yóò jẹ́, ó sì yẹ kí àwa tí a ń máàkì mọ bí a ṣe ń kà á.